Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Ohùn Aago

Ilé,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì.

Ọmọ mi, Atúmálètò,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Gbogbo ilé ló ń kí ọ. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun. Mo ní ọmọ tó jẹ́ pé oúnjẹ ló kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀, ta ló ń bẹ̀rù nítorí irú ìyẹn? Má bínú pé mo ṣì ń pè ọ́ ní Atúmálètò. Ẹni tó bá tú rédíò bàbá rẹ̀, tó sì kó èyí tó ṣẹ́ kù pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, kò yẹ kó retí orúkọ mìíràn.

O béèrè nípa ara mi. Ẹsẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Ọwọ́ òsì ṣì ń lọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀tún kò ní wàhálà. Ahọ́n ló ń dà mí láàmú. Láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ yẹn ti kọlù mí, ọ̀rọ̀ a máa pẹ́ lẹ́nu mi bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ a sì máa bá mi parí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o yéé pè mí lórí fóònù. Lórí ìwé, kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìwé nìyí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, èyí tó nípọn bí ìwé ńlá, tí ìwọ náà fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé ní kékeré, ti tún gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀. Iná lọ, bátìrì kú, ètò aago tí èmi àti ìwọ jọ kọ sínú rẹ̀ sì bá a lọ. O mọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún mi. Bí mo bá so etí kékeré yẹn, ohun tó ń gbọ́ ìró aago, mọ́ ọn, tí mo gbé aago lé etí náà, ó máa sọ fún mi bóyá aago ń sáré tàbí ó ń falẹ̀. Etí tèmi kò lè ṣe ìyẹn mọ́. Ó wá di pé kí n tún gbogbo ètò náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ìwé méjì gbáko, pẹ̀lú ọwọ́ kan àbọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, oòrùn ti yí kí n tó parí, mo sì ṣi àmì kan tẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní aago oníbàárà kan ń fi wákàtí mẹ́rin sáré lójoojúmọ́. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin yẹn ì bá ti dé ọ̀run ṣáájú gbogbo wa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ nọ́ọ̀sì wọlé bá mi níbi tí mo ti ń làágùn lé e lórí. O mọ̀ ọ́n, ó fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n ìfẹ́ rẹ̀ máa ń mú pàṣán lọ́wọ́. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n kó irinṣẹ́ kí n lọ jókòó sílé. Obìnrin kan tó ń yan búrẹ́dì sì fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún aago ṣe. A fa ọ̀rọ̀ náà títí, a wá fẹnu kò sí ibì kan: bó bá fi máa di ìpàdé ẹbí oṣù Kẹwàá, tí ẹ̀rọ yìí kò bá lè gbọ́ aago láìjẹ́ pé mo tún kọ́ ọ lábídí, màá fa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́. Mo gbà nítorí pé mo ní ìwọ. Bá mi wá ọgbọ́n tí kò fi ní gbàgbé mọ́. Má sì sọ fún mi pé kí n ra tuntun. Ẹni tó ń tún ohun àtijọ́ ṣe jẹun kì í ju tara rẹ̀ nù.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣì wà nídìí iṣẹ́,
Aláago.


Òkè òkun,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta.

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní mò ń jẹun, aṣọ tí kò wọ̀ mí mọ́ lè jẹ́rìí.

Ibi iṣẹ́ ni lẹ́tà yín ti bá mi. Ẹ má rò pé ilé ńlá ni o. Yàrá gígùn kan ni, tábìlì mẹ́fà, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn. Òṣùwọ̀n là ń tún ṣe, èyí tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tuntun nílé ìwòsàn àti èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹrù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dàgbà jù mí lọ. Nítorí náà, a ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a fi ń kọ ìrántí tuntun sínú áísì, àwọn ohun dúdú ẹlẹ́sẹ̀ wẹẹrẹ tó máa ń wà nínú rédíò yẹn.

Bàbá, ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà yín yé mi. Oríṣi ìrántí méjì ló ní. Ọ̀kan dà bí ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbọ́ lójú ọ̀nà: bí iná bá lọ, ó ti lọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ètò aago wa ń gbé. Èkejì ni àbínibí, tí wọ́n kọ sínú áísì kan láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ìyẹn kì í gbàgbé, iná wà, iná kò sí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n wá áísì tuntun tó gba nǹkan ju ti àtijọ́ lọ, kí n kọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà mọ̀ láti ìbí sínú rẹ̀, kí n wá kọ ètò aago tì í. Ẹ ó kàn tan ẹ̀rọ ni, ẹ ó bá a níbẹ̀.

Mo ti rí ìbejì kọ̀ǹpútà yín níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù. Inú mi dùn débi pé mo gbé e mọ́ àyà nínú ọkọ̀, obìnrin tó jókòó tì mí ń wò mí bíi pé nǹkan ń ṣe mí. Orí rẹ̀ ni màá ti dán gbogbo rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ẹ má bínú sí i. Yíyọ áísì àtijọ́ àti fífi tuntun rọ́pò rẹ̀ gba ọwọ́ méjì tó dúró dáadáa. Ẹsẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n ló ní, bí ọ̀kan bá kán, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá dé, ẹ gbé e fún ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín.

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín.


Ilé,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹrin.

Atúmálètò,

Mo ti kí ọ dáadáa nínú lẹ́tà tó kọjá. Lo ìyẹn ná.

Kí n gbé e fún oníṣẹ́ fóònù? Èmi? Èmi tí mò ń fi ẹ̀mú yọ wáyà tó ń mí nínú aago obìnrin, ohun tó jẹ́ pé bí o bá sín, ó ti fò lọ? Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin tí ò ń wí yẹn, aládùúgbò rere ni, ṣùgbọ́n èékánná ló fi ń ṣí fóònù onífóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá yá sukudiráfà mi tó kéré jù. Mo rò pé iṣẹ́ ni. Ó fi ṣí ìdérí ìgò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ náà gbé fóònù tuntun wá, ó ní fóònù lè gbọ́ aago báyìí. Mo dán an wò kó má baà ní mo lágídí. Ó ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ ni ìyá rẹ pè láti béèrè ìgbà tí mo máa wálé, ni fóònù bá ní aago náà ti ya wèrè. Mo dá a padà fún un.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Láti ìgbà tí ara mi ti yẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń gba ife, wọ́n ń gba àpò, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀. Ife, mo yọ̀ǹda rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló máa fi áísì yìí sínú ẹ̀rọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní wọ ibẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò ní rí i sọ níwájú ẹbí pé oníṣẹ́ fóònù ló bá Aláago tún irinṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwọ kọ ìrántí, èmi á fi í sí àyè rẹ̀.

Fi ránṣẹ́, kó o sì ṣe àlàyé tó yè kooro.

Bàbá rẹ.


Òkè òkun,
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà.

Bàbá mi,

Ẹ dárí jì mí. Mo kúnlẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdérí ìgò yẹn pa mí lẹ́rìn-ín títí ọ̀gá mi fi yọjú wò mí.

Bàbá, ó ti ṣiṣẹ́ o! Mo kọ áísì náà, ó kọ́kọ́ kọ̀, mo wá rí i pé ibi tí ẹ̀rọ náà kì í wò ni mo gbé ètò wa sí. Mo tún un kọ. Mo fi í sínú ìbejì yẹn, mo tàn án, mo yọ bátìrì rẹ̀ pátápátá, mo lọ fọ aṣọ, mo dé, mo dá bátìrì padà. Ètò wa jókòó síbẹ̀ bí onílé. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi lé etí náà, ó ní ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá falẹ̀ lójúmọ́. Ọ̀gá mi, ẹni tí kì í yin èèyàn, gbé e, ó wò ó tìyanutìyanu, ó ní, "Ta ló kọ ètò yìí?" Mo ní èmi àti bàbá mi ni, nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ó pe gbogbo tábìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé kí wọ́n wá wò ó. Mo dúró láàárín wọn, orí mi wú bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wálé, òun ló mú páálí kékeré náà lọ́wọ́. Àlàyé rèé. Ẹ fọwọ́ kan irin kẹ́ ẹ tó di áísì mú, nítorí iná wẹẹrẹ tó máa ń wà lára aṣọ èèyàn lè pa á. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni ti àtijọ́ wà. Ibì kan jẹ wọnú díẹ̀ ní ìpẹ̀kun áísì tuntun, ẹ jẹ́ kó kọjú sí ibi tí ti àtijọ́ kọjú sí. Ẹ wá tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ má sì jẹ́ kó rí omi o.

Ọmọ yín tó ń retí ìròyìn ayọ̀.


Ilé,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje.

Ọmọ mi,

Páálí dé. Mo ṣe ohun gbogbo tó o wí. Ẹ̀rọ kò sọ̀rọ̀. Ìlà dúdú kan gbọọrọ ló yọ lójú rẹ̀, kò kí mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Mo pa á, mo tún un tàn, ìlà dúdú náà ni.

Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ wà níbẹ̀. Èmi ni mo pè é kó wá wò ó, nítorí láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti ń fọ́nnu káàkiri àdúgbò pé ọmọ mi kọ ọpọlọ tuntun fún ẹ̀rọ mi. Ó kàn bá mi fi aṣọ nu tábìlì. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Lọ́jọ́ kejì obìnrin oníbúrẹ́dì wá, ó fi téèpù ìwọ̀n wọn ògiri tí mo gbé àwọn aago kọ́ sí, ó ní ibẹ̀ ni ààrò máa wà. Ó kí mi tẹ̀yẹtẹ̀yẹ kó tó lọ.

Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi.

Bàbá rẹ.


Òkè òkun,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà yín, ẹ má sọ fún Màmá.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Áísì náà ṣiṣẹ́ níhìn-ín, ojú mi ló ṣe. Ohun kan ṣoṣo ló lè ṣẹlẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ká sábẹ́ nígbà tí ẹ ń tì í wọlé. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, Bàbá. Ọwọ́ tí àìsàn ti kọlù kì í rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fóònù yẹn yọ ọ́, kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kó tò ó. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ máa pàṣẹ fún un.

Bí kò bá sì ṣe é ṣe, ṣé nǹkan burúkú ni kí èèyàn sinmi? Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ̀gbọ́n mi kò kórìíra yín.

Ẹ tètè fèsì, ọjọ́ ń lọ.

Ọmọ yín.


Òkè òkun,
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án.

Bàbá mi,

Mi ò rí èsì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara yín le, ó ní lẹ́tà mi wà lórí tábìlì yín, ẹ ti kà á, ẹ wá gbé ife lé e lórí. Ẹ bú mi bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé.


Ilé,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án.

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo gbé ife lé lẹ́tà rẹ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ ni o.

O ní ẹsẹ̀ ká. Ó dára, o ti sọ tìrẹ, jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀, mo yọ áísì rẹ, mo gbé e sábẹ́ gíláàsì tí mo fi ń wo inú aago, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Mo wá dá ti àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀. Mo tan ẹ̀rọ, ó kí mi! Ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, àfi pé ó ṣì ń gbàgbé. Nítorí náà, ọwọ́ yìí ti yọ, ó ti fi sí i, ó tún ti yọ, ó tún ti fi sí i, kò sì sí ohun tó kán. Bí nǹkan kan bá kán, ọ̀dọ̀ rẹ lọ́hùn-ún ló ti kán. Wá a níbẹ̀.

Má sì rò pé ìkánjú ni mo fi ṣe é. Òjò ti pa páálí náà nínú ẹrù ẹni tó bá ọ mú un wá, ó rin gbingbin. O ní kó má rí omi, omi ti rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ta ló máa gbé ohun tútù sínú ẹ̀rọ? Kódà aago pọ́ọ́kú tó bá já sómi, n kì í dé e kó tó gbẹ. Òfin iṣẹ́ wa nìyẹn. Mo bó bébà funfun tó o lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí omi ti wọ abẹ́ rẹ̀. Mo rí fèrèsé gíláàsì kékeré kan níbẹ̀, ó mọ́ gaara, mo ní, ọmọ mi mọ ohun tó dára, ó ṣe é bí ojú aago. Mo nù ún. Mo tẹ́ ẹ sínú àwo, mo fi asẹ́ bò ó kí adìyẹ má baà ṣà á jẹ, mo wá ń sá a sóòrùn lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ojú gíláàsì rẹ̀ sókè! Bí oòrùn bá yí, mo yí àwo. Ta ló lè tọ́jú nǹkan jù bẹ́ẹ̀ lọ? Oníṣẹ́ fóònù?

O wá ní kí n sinmi. Ẹnikẹ́ni lè sọ ìyẹn fún mi. N kò retí rẹ̀ lẹ́nu rẹ. Ìwọ lo dùn mí jù.

Bàbá rẹ, ọlọ́wọ́ gbígbọ̀n.


Òkè òkun,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án.

Bàbá mi, Bàbá mi, Bàbá mi,

Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí. Ọwọ́ yín kò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ mi náà kò ṣe nǹkan kan. Oòrùn ni.

Fèrèsé gíláàsì tẹ́ ẹ rí yẹn, ojú ibẹ̀ la ti ń pa ìrántí áísì rẹ́ bí a bá fẹ́ kọ òmíràn sí i. A ní àpótí kan níbi iṣẹ́ tó ní iná aláwọ̀ àlùkò nínú. A ó gbé áísì sí i, ìmọ́lẹ̀ á gba fèrèsé náà wọlé, á sì fọ ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ dànù. Oòrùn náà ní irú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó kàn ń lọ́ra ni. Bébà funfun yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ìdérí ni. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì fọ áísì mi mọ́ tónítóní, ẹ tún ń yí àwo tẹ̀lé oòrùn kí ohunkóhun má baà ṣẹ́ kù níbẹ̀! Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi, ó fi orí lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, òun kò tíì rí áísì tí wọ́n fi ìtọ́jú pa rẹ́.

Èmi ni mi ò sọ fún yín. Mo kọ nípa irin, mo kọ nípa ẹsẹ̀, mo kọ nípa omi, mi ò kọ nípa oòrùn, nítorí oòrùn tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, a kì í rí i níbí. Ọwọ́ yín ni mo yára dá lẹ́bi. Ó dùn mí, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ara yín ní ọlọ́wọ́ gbígbọ̀n mọ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi í sí i, ẹ tún tún un ṣe, ẹsẹ̀ kan kò ká. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá áísì níhìn-ín, mẹ́ta ni mo ti kán lẹ́sẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ọwọ́ mi méjèèjì sì pé. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Mò ń fi yín yangàn.

Mo ti kọ òmíràn. Mo fi téèpù dúdú bo ojú rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, mo sì dì í sínú ọ̀rá méjì. Àwọn tó ń gbé ẹrù kíákíá ni mo fún, kó lè bá ìpàdé ẹbí. Mi ò tún ní dárúkọ oníṣẹ́ fóònù mọ́ láyé mi. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fi í sí i, níwájú gbogbo wọn.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀.


Ilé,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá.

Ọmọ mi pàtàkì,

Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, à á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Lẹ́tà tó kọjá, òsì ni. Ọ̀tún rèé.

Mo ka ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ sáré wọlé, ó rò pé àìsàn náà ló tún dé. Páálí kejì dé ní gbígbẹ. Mo rí ohun tó o kọ sórí téèpù yẹn: "BÀBÁ, Ẹ MÁ SÁ A O." Àfojúdi ni, ṣùgbọ́n mo gbà á.

Àná ni ìpàdé. Mo ní kí wọ́n má ṣe é nílé, kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin oníbúrẹ́dì wà níta, òun àti téèpù ìwọ̀n rẹ̀. Mo fọwọ́ kan irin, mo dojú ẹ̀rọ délẹ̀, mo ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin na ọwọ́ pé òun á bá mi dì í mú. Mo wò ó, ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Mo yọ ti àtijọ́. Nígbà tó kan tuntun, ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo rí i, àwọn náà rí i. Mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì bí mo ṣe máa ń ṣe bí mo bá ń tún aago obìnrin ṣe, mo dúró kó gbọ̀n tán. Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Nígbà tó dákẹ́, mo tì í wọlé, ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì díẹ̀. Ó wọlé.

Mo tàn án, ó kí mi. Ètò aago wà lókè pátápátá, n kò sì tẹ àmì kan. Mo yọ bátìrì níwájú gbogbo wọn, mo kó o fún àbúrò mi kó dì í mú, ó kúkú ti ń wá ohun tó máa dì mú. Mo ní ká gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé. A gbà á tán, mo dá bátìrì padà. Ó ṣì wà níbẹ̀! Mo pariwo pé, "Ọmọ mi ló kọ ọ́!" Ọ̀rọ̀ náà jáde geere, kò dúró níbì kankan. Inú mi dùn, ọmọ mi, inú mi dùn débi pé mo tún un sọ kí àwọn tó wà níta lè gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló dé kẹ́yìn, láti ibi iṣẹ́. Ó dúró ti ògiri nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ó ku kó gbọ́ aago. Ta ló ní aago lọ́wọ́?" Òun ló kọ́kọ́ bọ́ tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi tèmi dán an wò, Bàbá. Tèmi kì í yẹ̀." Mo gbé e lé etí náà. Ẹ̀rọ gbọ́ ọ títí, ó wá ní ó ń fi ìṣẹ́jú méjì falẹ̀ lójúmọ́. Àbúrò mi ní, "Abájọ tó fi jẹ́ òun ló kẹ́yìn dé!" Ṣọ́ọ̀bù mì tìtì fún ẹ̀rín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú ẹ̀rọ, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sápò láti àárọ̀, nítorí àdéhùn ni àdéhùn, mo sì rò pé òun ló fẹ́ béèrè bóyá mo mú un dání. Ó nu ojú rẹ̀. Ó wá súnmọ́ tábìlì, ó dúró níbi tí àwọn oníbàárà máa ń dúró sí, ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Aláago. Ìgbà wo ni kí n padà wá gbà á?"

Mo ní kó wá ní Ọjọ́bọ̀. Iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ṣáájú tirẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ. Mò ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.